Ẹlẹ́wọ̀n Tí Ó Fẹ́ Kàwé



Ó ti di àṣà lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí pé bí oṣù Rámádánì bá ti wọlé, ẹgbẹ́ Àsàlátù a dá owó jọ, wọn a ra ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró àti ọṣẹ, wọn a sì kó o lọ sí ilé ẹ̀wọ̀n kí àwọn ará wa tí ó wà níbẹ̀ lè rí nǹkan fi ṣínu. Iṣẹ́ láádá ni, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹgbẹ́ tiwa náà ṣe é nínú ààwẹ̀ tí ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́wọ́, wọ́dà kan tí ó ń mójútó ẹ̀kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi bébà kan lé mi lọ́wọ́. Ẹlẹ́wọ̀n 8 ni ó fi ọwọ́ sí i. Wọn kò tọrọ ẹran, wọn kò tọrọ ọṣẹ. Wọ́n ní àwọn ń kàwé láti gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, orúkọ ìwé 11 ni wọ́n kọ sílẹ̀ tí àwọn kò rí rà, wọ́n sì bẹ̀ wá fún fìtílà tí ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, nítorí pé iná kì í dúró ní alẹ́.

Nígbà tí mo ka bébà yìí sí etí ẹgbẹ́, tí mo sì dá a lábàá pé kí a mú nínú owó tí ó ṣẹ́kù lápò kí a fi ra àwọn ìwé náà, Àlàájà kan tí ó ń ta léèsì ní ọjà wa dìde. Ó ní, “Àlùfáà, ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ mi mẹ́ta ni ó wà ní ilé ìwé gíga. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń gbọ̀nà ọjà. Èmi kò jí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ mi kò sì fi ìbọn gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó bá mi san kọ́bọ̀ nínú owó ilé ìwé wọn. Wọ́n fọ́ ìsọ̀ mi ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n kó ọjà tán níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹni tí ó ṣe é, ṣé òun náà ni kí n wá máa ra ìwé fún?”

Ilé dákẹ́ lọ minimini. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un, kì í sì í ṣe obìnrin nìkan. Èmi tí mo jẹ́ àlùfáà, tí ó yẹ kí n fèsì, n kò rí èsì kankan sọ. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè títí di ìpàdé tí ń bọ̀. Ohun tí mo ti wádìí láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ fi tó yín létí lónìí, nítorí mo gbàgbọ́ pé ìbéèrè Àlàájà wa kò mọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tiwa nìkan.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òpè rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a kà sí ọlọ́gbọ́n, béèrè rẹ̀ ní ọdún 1994, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣe òfin. Nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá nǹkan yìí sílẹ̀, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n sì tún un ṣe, ó sì ṣojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1964, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà wá sí Ìbàdàn. Hájì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ń bọ̀. Ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn Trenchard ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sì sọ ọ́ ní orúkọ ilẹ̀ wa, wọ́n ní Ọmọwálé ni yóò máa jẹ́. Malcolm X ni aráyé mọ̀ ọ́n sí. El-Hajj Malik El-Shabazz ni orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ bí ó ti ń to ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọn kò sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un, yóò ṣebí lọ́yà ni, tàbí olùkọ́ yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ ilé ìwé tí ọkùnrin náà ti jáde, ilé ẹ̀wọ̀n ni.

Olè ni Malcolm nígbà èwe rẹ̀. Kí n má fi bò. Ilé ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọ́ ní ìlú Boston, irú ẹni tí ó fọ́ ìsọ̀ Àlàájà gan-an ni. Ní ọdún 1946, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ogún ọdún, adájọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 8 sí 10. Ìwé kíláàsì kẹjọ ni ó kà mọ. Nínú ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n fi í sí, ẹlẹ́wọ̀n àgbà kan tí ó mọ̀wé ni ó gbà á níyànjú pé kí ó máa fi ọwọ́ ìwé gba ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1948 wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Norfolk ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ẹ̀wọ̀n yìí yàtọ̀. Ọlọ́rọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Parkhurst ti fi ìwé rẹ̀ ta ibẹ̀ lọ́rẹ, ìwé náà sì pọ̀. Àwọn olùkọ́ a máa wá láti àwọn ilé ìwé gíga ìtòsí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n a sì máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì díje nínú àríyànjiyàn. Níbẹ̀ ni Malcolm ti mú ìwé atúmọ̀ èdè, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ láti ojú ewé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí wọ́n bá pa iná ní aago mẹ́wàá alẹ́, a jókòó sí ilẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń yọ wọlé, a máa kàwé lọ, bí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ wọ́dà a sáré dùbúlẹ̀ bí ẹni pé ó ti sùn. Ẹ rántí pé fìtílà ni àwọn mẹ́jọ tiwa náà tọrọ.

Ó jáde ní ọdún 1952. Ìjọ tí ó kọ́kọ́ wọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe Ìsìláàmù bí àwa ti mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ ní ọdún 1964, Hájì sì là á lójú sí i. Mo mọ̀ pé àwọn àlùfáà mìíràn yóò fẹ́ bá mi fa èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù kejì ọdún 1965.

Ní ọdún 1964 yẹn kan náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí àwa Mùsùlùmí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, Thomas Cooper, tí òun náà ti gba ẹ̀sìn, pe ọ̀gá ẹ̀wọ̀n lẹ́jọ́ nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ó ra ìwé ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ kéékèèké lé e padà. Ó gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n sì dá a láre pé ẹlẹ́wọ̀n náà lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ẹ̀sìn gbogbo gbà lẹ́yìn náà, ẹni tí ó béèrè fún Alùkùránì ni ó là á.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ibi owó, nítorí owó ni ìbéèrè Àlàájà.

Ní ọdún 1972 ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tálákà tí ó fẹ́ lọ sí ilé ìwé gíga. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe àwìn. Nígbà tí ó yá wọ́n fi orúkọ sẹ́nétọ̀ tí ó jà fún un pè é, wọ́n ń pè é ní Pell. Òfin náà kò yọ ẹlẹ́wọ̀n kúrò, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tálákà tó ẹlẹ́wọ̀n. Báyìí ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rán olùkọ́ lọ sínú ẹ̀wọ̀n, tí ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì fi ju 300 lọ káàkiri ilẹ̀ wọn.

Nígbà tí ó di ìgbà 1990 sókè, ìwà ọ̀daràn ń ba ará ìlú lẹ́rù, àwọn olóṣèlú sì ń wá ohun tí wọn yóò fi hàn pé ọwọ́ àwọn le. Kay Bailey Hutchison, sẹ́nétọ̀ obìnrin láti Texas, dìde nínú Ilé Aṣòfin, ó ní kò tọ́ kí ẹlẹ́wọ̀n máa gba owó Pell nígbà tí ọmọ òṣìṣẹ́ tí kò rú òfin kò rí gbà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Àlàájà ni? Sẹ́nétọ̀ Pell fúnra rẹ̀ takò ó, wọn kò gbọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, Ààrẹ Bill Clinton fi ọwọ́ sí òfin náà, ilẹ̀kùn sì tì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ìṣirò wò bí oníṣòwò ti ń yẹ ìwé ọjà wò. Ní ọdún tí ó ṣáájú òfin náà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó gba owó Pell jẹ́ bíi 23,000 nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi 4,000,000 tí ó gbà á. Owó tí ó kan ẹlẹ́wọ̀n kò tó dọ́là 1 nínú 100. Èkejì sì ni pé owó náà kò rí bí iṣu kan tí a gé fún ẹnì kan tí ẹnì kejì kò fi ní rí jẹ. Gbogbo ẹni tí ipò òṣì rẹ̀ bá dé ìwọ̀n tí òfin sọ ni wọ́n ń fún. Bí ọmọ òṣìṣẹ́ kan kò bá rí i gbà, ohun tí ó fà á ni pé owó bàbá rẹ̀ ga ju ìwọ̀n lọ díẹ̀. Wọ́n lé ẹlẹ́wọ̀n kúrò tán, ọmọ òṣìṣẹ́ náà kò sì gba kọ́bọ̀ kan sí i. Èyí ni ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn òbí náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun tí kò lè wò ó sàn tù wọ́n nínú.

Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó ju 300 lọ yìí kù sí èyí tí a lè fi ìka ọwọ́ kà. Àwọn olùkọ́ kó àpò wọn. Ẹni tí ó ku díẹ̀ kí ó parí, ó dúró síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan irú wa ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìjọba kó ọwọ́ kúrò, àwọn ará ìlú ni ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní ẹ̀wọ̀n San Quentin ní California, ní ọdún 1996, àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n láìgba owó. Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ náà dàgbà títí ó fi di kọ́lẹ́ẹ̀jì gidi nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, Mount Tamalpais College, tí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ fún ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2022. Ní Sing Sing, ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ni ó kọ̀wé bẹ àwọn onísìn àti àwọn olùkọ́ ní ọdún 1998 pé kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn onísìn tí ó dáhùn, ọmọ ìjọ Kírísítì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo kọ èyí sílẹ̀ láìtijú, kí a lè fi wọ́n ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ní ọdún 1999, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bard, Max Kenner, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gba oyè, bẹ ilé ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 2001 wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́wọ̀n 16 ní ẹ̀wọ̀n kan tí a ń pè ní Eastern. Wọn kò bu omi là á fún wọn: ìwé tí àwọn ọmọ òmìnira ń kà ní Bard náà ni wọ́n ń kà. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn ọmọ yunifásítì Harvard, tí òkìkí wọn kàn káyé nínú àríyànjiyàn, wá bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà díje nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá fẹ́ ìwé kan, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, èyí a sì máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n sì tún ní kí wọ́n gbèjà ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn kò gbà gbọ́. Nígbà tí àwọn onídàájọ́ sọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ó borí.

Ẹnì kan lè sọ pé èyí dára létí, ṣùgbọ́n èrè wo ni ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ọjà? Ní ọdún 2013, ilé ìwádìí kan tí a ń pè ní RAND kó gbogbo ìwádìí tí ó wà lórí ẹ̀kọ́ inú ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà jọ, àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ti ìwé kékeré àti ti iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n rí i pé nínú ẹlẹ́wọ̀n 100 tí ó kẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ó padà sínú ẹ̀wọ̀n fi bí ẹni 13 dín sí ti àwọn 100 tí kò kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún rí i pé dọ́là 1 tí ìjọba ná lórí ẹ̀kọ́ ń gba dọ́là 4 sí 5 là láàárín ọdún mẹ́ta, èyí tí wọn ì bá fi tún bọ́ ẹni náà nínú ẹ̀wọ̀n. Oníṣòwò wo ni yóò rí èrè bẹ́ẹ̀ tí yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ẹni 13 sì rèé tí kò ní padà wá fọ́ ìsọ̀ ẹnikẹ́ni.

Kò sọ pé gbogbo wọn ni ó yí padà o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n tan yín. Dìgírì kì í fọ ọkàn. A mọ àwọn olóyè yunifásítì tí wọn kò wọ ẹ̀wọ̀n rí, tí owó tí wọ́n jí lọ́fíìsì tó kọ́ yunifásítì mìíràn.

Amẹ́ríkà tún òfin wọn ṣe. Ní ọdún 2015, nígbà Ààrẹ Obama, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ láti fi dán an wò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, aṣòfin ẹgbẹ́ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan láti dá owó Pell padà fún ẹlẹ́wọ̀n, Ààrẹ Trump sì fọwọ́ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2023. Ẹni tí ó wà lórí àga Ààrẹ lọ́jọ́ náà ni Joe Biden, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣe òfin 1994 nígbà tí ó jẹ́ sẹ́nétọ̀. Ọdún 29 ni ó gbà wọ́n kí wọ́n tó padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò.

Èyí ni ti àwọn Òyìnbó. Ṣùgbọ́n èmi, ilé kéwú ni mo ti jáde, ó sì yẹ kí n sọ ohun tí ẹ̀sìn sọ.

Ní ọdún kejì Híjírà, lẹ́yìn ogun Bádárì, bí ẹni 70 nínú àwọn ará Mẹ́kà ni àwọn Mùsùlùmí mú ní ìgbèkùn. Ẹni tí ó ní owó, ẹbí rẹ̀ fi owó rà á padà. Ẹni tí kò ní owó ṣùgbọ́n tí ó mọ̀wé, ìràpadà tirẹ̀ ni pé kí ó kọ́ ọmọ 10 ní Mẹ̀dínà ní ìwé kíkọ. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá mọ̀ ọ́n, ó di òmìnira. Ẹ̀yin ará, kèfèrí ni àwọn wọ̀nyí, idà ni wọ́n sì gbé wá. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kò sọ pé ọwọ́ tí ó gbé idà wá kò yẹ fún gègé. Bí ìgbèkùn bá lè kọ́ni ní ìwé, èéṣe tí a kò fi lè kọ́ òun náà?

Àwọn onímọ̀ wa pẹ̀lú ti jókòó sínú ẹ̀wọ̀n. Sarakhsi, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ òfin Hanafi, sọ̀rọ̀ kan tí ọba ìlú rẹ̀ kò fẹ́, wọ́n sì jù ú sínú ihò ní ìlú Uzgend ní ohun tí ó lé ní 900 ọdún sẹ́yìn. Kò ní ìwé kan lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a wá jókòó sí ẹnu ihò náà, òun a máa ka ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sí wọn létí láti ìsàlẹ̀, àwọn a sì máa kọ ọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ Al-Mabsut, tí ó di ìdìpọ̀ 30 nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́ Maliki ni àwa ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jinlẹ̀ tí kò gbọ́ orúkọ ìwé náà?

Níti owó, mo fẹ́ kí a ṣọ́ra. Ẹni mẹ́jọ ni Alùkùránì kà sílẹ̀ nínú Súrà Taoba, ẹsẹ̀ 60, pé àwọn ni sàká tọ́ sí. Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà nínú wọn. Bí ẹnì kan bá wà nínú ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè, ó dá mi lójú pé ẹ lè fi sàká gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níti ìwé yunifásítì, èmi kò ní sọ fún yín pé sàká ni kí ẹ fi rà á. Ẹ fi sàráà ṣe é, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀nà ti wà. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NOUN, èyí tí ènìyàn lè kà láti ibi tí ó bá wà, ní ibùdó nínú ẹ̀wọ̀n Kirikiri ní Èkó, ní Kuje lẹ́bàá Àbújá, àti níbòmíràn, ó sì yọ̀ǹda owó ilé ìwé fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn kan ti gba oyè níbẹ̀, ẹlòmíràn sì ti tẹ̀ síwájú sí oyè kejì. Ọdún 1983 ni wọ́n dá ilé ìwé náà sílẹ̀, ìjọba ológun tì í ní ọdún 1984, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó sì jí i dìde ní bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ọbásanjọ́ yìí fúnra rẹ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n láti 1995 di 1998. Nígbà tí ó kúrò lórí oyè, ó wọ NOUN bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 2018. Òfin ọdún 2019 sì ti yí orúkọ iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí iṣẹ́ àtúnṣe. Pátákó ẹnu ọ̀nà ti yí padà, inú ilé ni ó kù.

Ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́ kì í ṣe owó ilé ìwé, nítorí náà ni mo ṣe ń pariwo ìwé àti fìtílà. Ohun mìíràn sì tún wà tí ó burú ju èyí lọ. Bí a bá kó ẹni 3 jọ nínú àwọn ẹ̀wọ̀n wa, bí ẹni 2 nínú wọn ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọ̀la ni òun yóò jáde tàbí ọdún mẹ́wàá sí i, báwo ni yóò ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin? Ẹ rántí Ànábì Yusufu. Nígbà tí ọba Íjíbítì ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú un jáde, ó kọ̀, ó ní kí ọba kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ó gé ọwọ́ ara wọn, kí ó hàn gbangba pé òun kò ṣẹ̀. Àwọn lọ́yà tí ó jẹ́ Mùsùlùmí wà ní ìjọ gbogbo. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan lóṣù tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún àwọn tí ẹjọ́ wọn kò bẹ̀rẹ̀, ó lè ṣe ohun tí àpò ìrẹsì 100 kò lè ṣe.

Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo lọ bá Àlàájà ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sì rò ó fún un bí mo ti rò ó fún yín. Ó ń wọn léèsì fún oníbàárà bí mo ti ń sọ ọ́, kò sì já mi lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé gbèsè tí olè jẹ ẹ́ wà lọ́rùn olè náà síbẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì kò sí lọ́wọ́ ilé ìwé kankan láti pa rẹ́. Èyí dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Àlùfáà, mo gbọ́ ti ìwé, n ó dá temi. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, bí ó bá jáde tán, tí ó mú sátífíkéètì náà dání, ta ni nínú ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlà iwájú ní mọ́sáláṣí ni yóò gbé kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ fún un?”

Mo ní ọba Íjíbítì gbé kọ́kọ́rọ́ gbogbo àká orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ẹni tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọba ni ìyẹn, ó ní ẹ̀ṣọ́. Ó sì ti mọ̀ pé ẹni náà kò jalè. Èmi, léèsì ni mo ní.”

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. N kò tíì rí èsì sí èyí. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin oníṣòwò bá ti gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ rí, bóyá ó dára o, bóyá kò dára o, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa kí gbogbo wa lè gbọ́ bí ó ti rí. Nínú ìwé 11 tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà tọrọ, mo ti rí 4 rà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta àlòkù ìwé. Èyí tí ó jẹ mọ́ ètò ọrọ̀ ajé ni ó wọ́n jù. Àlàájà ti san owó fìtílà 2. Ìpàdé wa yóò wáyé lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀.